Ọmọ tó ń bínú nínú àwòrán Nara: ṣé àárò ìgbà èwe náà nìyẹn?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Peckham ní London: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ní oṣù kẹjọ 2025, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, lọ wo iṣẹ́ Yoshitomo Nara ní Hayward Gallery. Ọ̀rẹ́ mi tó júwe ibẹ̀ fún mi ní àárò ìgbà èwe ni ọkùnrin ará Jàpáànù náà ń yà. Ohun tí mo rí ni àwọn ọmọbìnrin olórí ńlá tí wọ́n ń wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Mo tún ti rí àwọn mìíràn nínú ìwé tí wọ́n mú ọ̀bẹ dání. Ọmọ mi bi mí pé, 'Mọ́mì, ta ló múnú bí i?' Mi ò rí èsì fún un. Orí páálí àti ẹ̀yìn àpòòwé tí wọ́n ti lò ni òmíràn wà, ohun tí ìyá mi ì bá ti fi dáná. Ṣé àárò náà rèé? Ṣé iṣẹ́ àgbà ni? Mo ń bèèrè torí pé èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya èwe tèmi ní Abẹ́òkúta. Mo ní ìwé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi, lẹ́tà bàbá mi, àti àjákù àdìrẹ ìyá ìyá mi, mo sì fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ kánfáàsì. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni mo ń jí yà."

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, arábìnrin mi. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, torí òun ló bi ìbéèrè tó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ yín yé, wọ́n ní kí ẹ wá wo àárò, ẹ wá bá ìbínú pàdé, ẹ sì ń rò ó pé bóyá ẹ̀yin lẹ kò mọ̀ ọ́n wò. Ojú yín kò ṣì yín rárá. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín fi ṣe atọ́nà fún yín ló kù díẹ̀ káàtó. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti gbà mí gbọ́ àti ibi tí ẹ ó ti tún ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò. Títún àwòrán orí bébà ṣe ni iṣẹ́ mi. Mo lo ọdún méjì ní Kyoto lábẹ́ bàbá arúgbó kan tó ń fi ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan àti bébà gbé àwòrán ró. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn èèyàn, ẹ ó máa rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń yà sídìí gọ́ọ̀mù. Ẹ má bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jàpáànù ń lò ni natsukashii. Bí èèyàn bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ kíákíá, "àárò" ló máa bọ́ sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ìbejì. Tiwa, ohun tí kò sí nítòsí ló ń jẹ́ kí àárò sọ wá: ìyá wà nílé, èmi wà lájò, àárò ìyá ń sọ mí. Ní ti natsukashii, ìgbà tí nǹkan náà bá tún fara kan èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń jáde lẹ́nu. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fa dúrọ́ọ̀ kan lọ́jọ́ kan, ó bá súìtì olówó pọ́ọ́kú kan níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ iléèwé nígbà tó wà ní kékeré, tí wọ́n ń pè ní dagashi. Ó ti pariwo "natsukashii!" kó tó mọ̀ pé òun lanu. Ara ọ̀rọ̀ ìṣe kan, natsuku, ni wọ́n ti fà á yọ, èyí tí wọ́n ń lò fún ẹranko tó ti mọ́ èèyàn lára, tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń bọ́ ọ kiri. Ohun tó ti mọ́ mi lára nígbà kan tún wá fimú kàn mí lẹ́sẹ̀: bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Bí ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ìdí tí páálí àti àpòòwé tí ẹ rí ní Hayward fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Inú wọn ni ìrántí wà, ju ojú ọmọ tí wọ́n yà sórí wọn lọ. Ojú ọmọ náà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ wo? Ẹ jẹ́ ká tọ ọkùnrin náà dé ilé. Hirosaki ni wọ́n bí Nara sí ní 1959, ìlú yìnyín àti oko ápù ní Aomori, ní ìpẹ̀kun àríwá erékùṣù Honshu. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin mẹ́ta, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa, bàbá ń lọ síbi iṣẹ́, ìyá náà ń lọ. Á ti iléèwé dé, á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Jàpáànù ìgbà náà: kagikko, ọmọ oníkọ́kọ́rọ́. Ológbò, ìwé àwòrán àti rédíò ló ń bá a ṣeré, rédíò náà sì máa ń gbé orin wá láti iléeṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Misawa. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ. Nígbà tó di ẹni tó ń ra àwo orin, àwòrán ara páálí àwo ló ń tẹjú mọ́ láti fi mọ ohun tí orin náà ń wí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kàtúùnù ilẹ̀ Jàpáànù ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti wá. Òun fúnra rẹ̀ kì í gba bẹ́ẹ̀. Ìwé àwòrán àwọn ọmọdé àti páálí àwo orin ló máa ń tọ́ka sí.

Àmọ́ ọmọ tí ẹ rí yẹn, olórí ńlá tó dá dúró láìsí ilé, láìsí igi lẹ́yìn rẹ̀, Hirosaki kọ́ ló ti gbé e jáde. Jámánì ni. Ní 1988 ló lọ sí Kunstakademie, iléèwé iṣẹ́ ọnà ní Düsseldorf, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ayàwòrán A.R. Penck, lẹ́yìn náà ló wá ń gbé Cologne títí di 2000. Kò gbọ́ èdè wọn nígbà tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí dé London mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà tí èdè bá sọ di ọmọ ọdún mẹ́ta: wọ́n á sọ̀rọ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó mi orí, inú yín á máa ru. Nara ti sọ ọ́ léraléra pé òtútù àti ìdánìkanwà ibẹ̀ ló dá òun padà sí ìgbà èwe òun ní Hirosaki. Ọkùnrin tó ti lé ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n wá bá ara rẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Àjò kò dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n ilé tó relé sí nínú àwòrán yìí, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá ọmọ yín sọ bó bá tún bèèrè: kò sẹ́ni tó ṣẹ ọmọ náà ní pàtó, ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de ẹni tí yóò wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ wá ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ló sì ń bẹ̀rù wọn. Nígbà tí wọ́n bi Nara, ó ní kí wọ́n wo bí ọ̀bẹ náà ṣe kéré tó, bí ohun ìṣeré. Ta ló lè fi irú rẹ̀ jà? Ó ní òun rí àwọn ọmọ náà láàárín àwọn èèyàn ńlá tí wọ́n mú ọ̀bẹ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dání, àwọn tí kò sí nínú àwòrán. Ẹ wá wo Knife Behind Back tó yà ní 2000, èyí tí wọ́n tà ní Hong Kong ní 2019 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là Amẹ́ríkà. Ojú ò rí ọ̀bẹ kankan nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ àwòrán ló tú àṣírí. Àwa tí a dúró síwájú rẹ̀ ni àgbà tí ọ̀bẹ náà ń dúró dè. Ohun tó mú ọmọ yín bi ìbéèrè tí ẹ̀yin ò bi nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ ọmọ inú àwòrán náà lòun wà.

Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ àgbà ni yíya nǹkan sórí páálí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí bí ẹni tí ń fi awò wo ẹ̀yìn àwòrán jẹun. Nara ń ya àwòrán sẹ́yìn àpòòwé, sórí páálí ẹrù, sórí pákó tí wọ́n tò pọ̀ bíi pátákó ìpolówó. Àwọn tó rí róbótó bí àwo oúnjẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀, àjákù aṣọ òwú ni wọ́n lẹ̀ lé ara wọn mọ́ orí ike líle kó tó fi ọ̀dà kùn ún. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ojú ìlẹ̀pọ̀ aṣọ náà gàdàgbà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, bí àpá egbò tó ti jinná. Kò bò ó. Nínú àwọn iṣẹ́ tuntun rẹ̀, ọ̀dà ló ń lé lé ọ̀dà títí tí ìsàlẹ̀ á fi máa yọjú díẹ̀díẹ̀ nínú ẹyinjú ọmọ. Èyí kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yà. Ẹ̀rí rẹ̀ tún ni pé nígbà tí ilẹ̀ ríri àti àkúnya òkun ti March 11, 2011 ba ẹkùn ìlà-oòrùn àríwá jẹ́, agbègbè tí òun náà ti wá, kò lè yàwòrán mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó padà sí iléèwé tó ti kọ́ṣẹ́ rí ní Aichi, ó lọ ń fọwọ́ po amọ̀. Nígbà tó padà sídìí kánfáàsì, ojú ọmọ náà ti yí padà. Miss Spring ti 2012 kò bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́, omi ló dà bí ẹni pé ó lé ròrò lójú rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra. Àárò ìgbà èwe ti di ọjà ní Jàpáànù. Láti 1954 títí di 1975 ni ọkọ̀ ojú irin àkànṣe fi ń kó àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé, ọmọ ọdún 15, láti Aomori àti àwọn ìgbèríko mìíràn lọ sí ibùdókọ̀ Ueno ní Tokyo láti lọ ṣiṣẹ́. Ẹyin wúrà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹyin wúrà náà dàgbà sínú fúláàtì, abúlé wọn ṣófo, ilé onípákó tí wọ́n ti ṣeré di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Láàárín ogún ọdún, ìlú tí ọmọ kan mọ̀ kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò tíì pé ogójì. Àárò tó tó báyẹn kò lè má rí ẹni tí yóò máa dì í tà. Ní Shin-Yokohama, wọ́n ṣí ibi àfihàn ramen, ìyẹn núdù inú ọbẹ̀, kan ní 1994, wọ́n kọ́ àdúgbò 1958 sí ìsàlẹ̀ ilé, pẹ̀lú iná rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀ àti pátákó tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gbó. Mo gbádùn ramen wọn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwòrán tí mo ń rí ní àwọn gálárì kéékèèké, irú àdúgbò ìsàlẹ̀ ilé yẹn ni: bébà tí wọ́n fi tíì pọ́n, àpò iléèwé pupa, ọmọ tó wẹ̀yìn wo òkun. Wọ́n gbó láìdàgbà. Bí ẹ bá rí bébà tí wọ́n fi ọgbọ́n sọ di ogbó, ẹ mọ̀ pé kò mọ́ ẹnikẹ́ni lára rí.

Àwọn tó ṣe é dáadáa, ọ̀nà kálukú yàtọ̀, èyí ló sì dá ìbẹ̀rù yín lóhùn jù. Ayàwòrán Tadanori Yokoo, tí wọ́n bí ní Nishiwaki ní 1936, padà sí ìlú náà ní 2000, ó lọ wá ibi tí ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré alákànpọ̀ kan wà nígbà èwe rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Ó fi kámẹ́rà oníná ya ibẹ̀ lóru, nígbà tó wo fọ́tò náà, ibi tó mọ̀ dunjú ti di ibi àjèjì: oríta tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Láti ìgbà náà ló ti ń ya oríta. Kò sí ọmọ kankan nínú àwọn àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ n kò mọ àwòrán ìgbà èwe tó bà mí lẹ́rù tó wọn. Shinro Ohtake ní tirẹ̀ kì í ju nǹkan nù. Láti 1977 ló ti ń lẹ páálí ìṣáná, tíkẹ́ẹ̀tì àti àjákù ìwé ìròyìn sínú ìwé, àwọn ìwé náà ti lé ní àádọ́rin, wọ́n ti wú bí àkàrà. Wọ́n kó wọn lọ sí Venice Biennale, àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Ítálì, ní 2013. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá fún un ní Tokyo ní 2006, ó fi àwòrán ọkọ̀ òfurufú ogun kan tó lẹ̀ pọ̀ ní 1964 sí i, nígbà tó ṣì wà lọ́mọ kékeré, kò sì yà á sọ́tọ̀ sí ti àgbà. Tetsuya Ishida, tó kú ní 2005 ní ọmọ ọdún 31, ya ọmọkùnrin gàgàrà kan tí ilé ìwé há mọ́ lára bí ẹ̀wù tí kò gbà á mọ́. Kí gbogbo wọn tó dé ni Kiyoshi Yamashita ti wà, ẹni tó ń fọwọ́ já bébà aláwọ̀ wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀ṣọ́ iná ojú ọ̀run tó ṣe ní Nagaoka ní 1950, bébà tó lọ́ bí òwú ló fi ṣe ìtànṣán ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ìtọ́jú ọmọdé ló ti kọ́ jíjá bébà yẹn, ó sì ń ṣe é lọ lẹ́yìn tó dàgbà.

Nítorí náà, lílẹ àjákù ìwé àti aṣọ mọ́ àwòrán kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Ojú ọmọ yẹn ni ti Nara: ojú tó jìnnà síra, ẹnu tó rí bí ìlà, àgbárí yẹn. Bí ẹ bá gbé ojú yẹn lé orí ọmọ Abẹ́òkúta, wọ́n á sọ pé ẹ jí i, òótọ́ ni wọ́n á sì sọ, ì báà jẹ́ pé ẹ di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Ó tún máa parọ́ mọ́ yín. Nara dá wà nínú ilé tó dákẹ́. Mo wá ń bi yín, ilé wo ló dákẹ́ báyẹn ní Abẹ́òkúta tẹ̀yin? Bó bá ṣe pé èrò kún agboolé yín, tí ìyà tó jẹ yín jẹ́ pé ẹ kò ráyè dá wà rí, a jẹ́ pé àwòrán yín yóò kún ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Ní 1999, mo lẹ lẹ́tà kan tí bàbá mi kọ sí mi mọ́ pákó. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mo sì fi sẹ́lótéèpù di etí rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́fà, sẹ́lótéèpù ti pọ́n bí epo, ó ti ràn wọnú bébà, gọ́ọ̀mù ti gbẹ gan-gan, lẹ́tà náà ò sì ṣeé ká kúrò lára pákó mọ́ láìya. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìdajì rẹ̀ ni mo ṣì lè kà. Ní Kyoto, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá arúgbó náà fi hàn mí ni ìkòkò ẹ̀kọ tí wọ́n fi ṣítáàṣì àlìkámà ṣe, tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ní ibi tútù fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí ó lè rọ̀, kí ipá rẹ̀ lè dínkù. Ẹnu yà mí: ta ló ń fẹ́ gọ́ọ̀mù tí kò lágbára? Ó ní ẹni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn á tún un ṣe lọ́jọ́ kan. Omi lásán ló ń tú u. Bébà tí wọ́n fi èèpo igi kōzo ṣe, tó fúyẹ́ tí okùn inú rẹ̀ sì gùn, ni wọ́n ń fi gbé àwòrán ró. Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta mọ irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀, gbágùúdá ni tiwọn, òun ni wọ́n fi ń dènà aró lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn aláró Jàpáànù ń fi ti ìrẹsì ṣe iṣẹ́ kan náà.

Nípa ìwé iléèwé àti lẹ́tà, ọ̀nà méjì ló wà, kò sì sí èyí tí kò ní àbùkù. Ẹ lè ya ẹ̀dà wọn sórí bébà tí kò ní ásíìdì, kí ẹ tọ́jú ojúlówó sínú fáìlì. Àwòrán yín á pẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó mọ́ yín lára kò ní sí nínú rẹ̀, ojú á sì mọ̀. Tàbí kí ẹ lo ojúlówó, kí ẹ gbà pé yóò máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú yín. Bébà iléèwé olówó pọ́ọ́kú á pọ́n, á sì máa fọ́, ohunkóhun tí ẹ bá ṣe. Kódà àwọn ilé àfihàn ńlá kì í sábà jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó kọjá 50 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) bà lé iṣẹ́ orí bébà. Èmi á lo ojú ìwé kan tí ìṣirò wà lẹ́yìn rẹ̀, torí ó dájú pé òmíràn ṣì wà níbìkan. Lẹ́tà bàbá yín, ẹ̀dà ni kí ẹ lò. Ohun tí mo ṣe sí tèmi ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi níbí, ẹ lè kọ̀ ọ́. Èyí tí ẹ bá lẹ̀, ẹ má fi ẹ̀kọ kun gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ìrẹ́pẹ́ bébà Jàpáànù méjì tàbí mẹ́ta so ó rọ̀ láti etí òkè.

Bóyá àwòrán yín dára tàbí kò dára, n kò lè sọ láti ibí, ojú mi ò tó o. Iye tí ẹ ó tà á, iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àdìrẹ ìyá ìyá yín, kí ẹ tó fi sún mọ́ bébà rárá, ẹ fi omi díẹ̀ rin òwú funfun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun kan tí kò ní hàn, kí ẹ kà dé ọgọ́ta. Bí òwú bá mú aró, ẹ má lẹ̀ ẹ́ o. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni kí ẹ fi gán an mọ́ kánfáàsì, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé iléèwé jìnnà sí i.